Aṣọ Ẹbí Mẹ́rin ní Ìbàdàn: Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́fà

Màmá mi yóò pé ẹni àádọ́rin ọdún nínú oṣù Kejìlá. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣòwò aṣọ ní Gbági kí wọ́n tó kó lọ sí Èkó lọ́dún 1986, ọ̀rẹ́ mẹ́rin ló sì ṣẹ́kù fún wọn níbẹ̀. "A kì í ti orí fóònù pe àgbà síbi ìnáwó," bí wọ́n ṣe wí nìyẹn. Wọ́n ṣẹ́ àǹkárá yáàdì márùn-ún márùn-ún sí ìdì mẹ́rin, wọ́n ṣí ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ orúkọ oníbàárà sí láti ìgbà Gbági, wọ́n da àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan kọ sára ìdì tirẹ̀ pẹ̀lú báírò, wọ́n sì ní kí n máa lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni, òjò kò tíì dáwọ́ dúró.

Mo ka àwọn àdírẹ́sì náà nílé, ẹ̀rù sì bà mí. Èkíní kò ní ju orúkọ agboolé lọ. Òmíràn, orúkọ onílé. Òmíràn, ohun tí ẹni náà ń tà. Ẹyọ kan péré ló ní nọ́ńbà.

Ọjọ́ kìíní, Ajé: Èbúté Mẹ́ta sí Mọ́kọ́lá

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, ìjókòó olówó pọ́ọ́kú, ₦3,600. Ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, kò sì rọ́ wa mọ́ra. A kọjá Abẹ́òkúta, àpáta àti oko ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá lójú fèrèsé. Bàbá kan jókòó tì mí, iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ojú irin àtijọ́ ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901, Dùgbẹ̀ gan-an ló sì ń já èrò sí, láàárín ìlú. "Tuntun yìí, Mọ́níyà ló máa gbé yín kalẹ̀ sí. Ẹ tètè múra ọkàn yín."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè múra ọkàn yín bí bàbá ṣe wí. Mọ́níyà jìnnà. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni àwọn onímọ́tò yí mi ká, ₦8,000 ni wọ́n pè fún èmi nìkan dé Mọ́kọ́lá. Mo ti ń kó owó jáde nígbà tí obìnrin kan tó pọn ọmọ fà mí lápá. "Àǹtí, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ jẹ́ ká rìn dójú títì." Ó bá mi gbé ìdì méjì, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Lójú títì, Micra gbé wa dé Ọ̀jọ́ọ̀ ní ₦400, òmíràn gbé mi láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Mọ́kọ́lá ní ₦500. Èrò méjì níwájú pẹ̀lú dírẹ́bà, mẹ́rin lẹ́yìn, ẹrù lórí itan. Obìnrin náà kò sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Kó tó sọ̀, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó kìlọ̀ fún dírẹ́bà pé kó má já mi sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Mọ́kọ́lá ni mo fi ṣe ibùsùn, nítorí ọ̀nà gbogbo ló já síbẹ̀. Àdúgbò tí kì í sùn ni: afárá lókè, ọkọ̀ nísàlẹ̀, ẹni tó ń lọ sí Sábó, ẹni tó ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀. Lálẹ́ mo tò fún àmàlà. Lọ́yà kan tó wọ kóòtù dúdú wà níwájú mi, mẹkáníìkì tí ọ́ìlì ṣì wà lápá rẹ̀ wà lẹ́yìn mi, bẹ́ǹṣì kan náà ni àwa mẹ́ta sì jókòó sí. Àmàlà méjì, gbẹ̀gìrì, ewédú, ògúnfe méjì, ṣàkì kan: ₦3,200. Gbẹ̀gìrì yẹn kúnná débi pé n kò mọ ìgbà tí mo fi ọwọ́ pa abọ́ lá.

Ọjọ́ kejì, Ìṣẹ́gun: Bẹẹrẹ, Màpó, Ọjà Ọba

Ìdì àkọ́kọ́: "Ìyá Rísí, ilé alágbẹ̀dẹ, Màpó." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo sọ̀ ní Bẹẹrẹ. Níbẹ̀, ọkọ̀, alábàárù àti ewúrẹ́ ń du títì mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ewúrẹ́ ló sì ń borí. Gbọ̀ngàn Màpó wà lókè téńté pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá rẹ̀. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i. Nísàlẹ̀ òkè náà ni Ọjà Ọba wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ọjà Ìbà nígbà kan nítorí Ìbà Olúyọ̀lé, olórí ìlú láyé ọjọ́un. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ ni ewé tútù, kàn-ún àti ìrú.

Máàpù orí fóònù mú mi dé ẹ̀yìn ilé ìdáná àwọn kan, ó ní mo ti dé. Ẹ má gbára lé e nínú Ìbàdàn àtijọ́. Àwọn ilé ibẹ̀ kò kọjú sí títì, ara wọn ni wọ́n kọjú sí. Ojúde kan á ṣí sínú òmíràn. Ọ̀nà tóóró tí ẹni méjì kò lè gbà pọ̀ á ṣàdédé já sí ibi sàréè tí wọ́n fi táìsì bò, àwọn ọmọdé á sì jókòó lórí rẹ̀, wọn á máa ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ògiri alámọ̀ ló pọ̀, sìmẹ́ǹtì kàn wà lára rẹ̀ bí ẹ̀wù ni. Kòtò omi ìdọ̀tí là á já láàárín, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa wo ẹsẹ̀ yín.

Mo bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta ewé àti egbò. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo rò pé wọn kò gbọ́ mi ni, mo tún un sọ. Àwọn náà tún tiwọn sọ. Mo dárúkọ màmá mi, mo sọ ibi tí wọ́n ti bí wọn, mo sọ ohun tí wọ́n tà ní Gbági. Ìgbà yẹn ni ojú wọn tó rọ̀. "Sé o mọ̀ pé ilé alágbẹ̀dẹ ju ẹyọ kan lọ, ọmọ mi? Ti ibo lò ń wí?" Sé ni wọ́n ń pè é láàárín Ìbàdàn, kì í ṣe ṣé, ó sì dùn létí mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí bí inú bá ń bí màmá mi, bẹ́ẹ̀ làwọn náà ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá kan tó ń gbọ́ wa lórí àga gbé ọ̀rọ̀ náà lé èjìká. Wọ́n ní ogun ló tẹ Ìbàdàn dó, ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló pàgọ́ síbẹ̀. Ta ni yóò rọ idà? Ta ni yóò tún ìbọn ṣe? Olórí ogun tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi alágbẹ̀dẹ sítòsí. "Ìdí nìyẹn tó o fi máa rí ilé alágbẹ̀dẹ kiri." Wọ́n tún là á yé mi ìdí tí wọ́n fi ń bi àlejò léèrè ilé tó ti wá. Agboolé kọ̀ọ̀kan ní mọ́gàjí tirẹ̀, ìyẹn olórí ilé. Láti ipò mọ́gàjí ni ènìyàn ti ń gun àkàsọ̀ oyè, bóyá lọ́wọ́ Ọ̀tún tàbí lọ́wọ́ Balógun, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí ọ̀kan yóò fi di Olúbàdàn. Kò sí ìdílé kan ṣoṣo tó ni adé, agboolé gbogbo ló sì ń ka ara rẹ̀ mọ́ ọn. "Ẹni tí kò ní agboolé níbí, ojú títì ló ṣì wà," bàbá parí ọ̀rọ̀ wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pe ọmọ ọmọ wọn tó ti ilé kéwú dé pé kó mú mi lọ.

Ilé alágbẹ̀dẹ àkọ́kọ́, kò sí Ìyá Rísí. Ní èkejì, Ìyá Rísí wà, ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, ó ń fún ọmọ lọ́yàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi fún mi, ó ní kí n jókòó kí ẹsẹ̀ mi sinmi. Ìyá ọkọ rẹ̀ fi àkàrà mẹ́ta tì mí. N kò rà á, n kò tọrọ rẹ̀. Wọn kò sì gbowó nígbà tí mo na owó sí wọn.

Ẹ̀kẹta wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀, igi orógbó ńlá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó lábẹ́ igi náà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó lanu, wọ́n na ọwọ́ wọn, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ iwájú orí mi bí ẹni tó ń kàwé.

"Àbẹ̀kẹ́ ló bí èyí."

Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n gba aṣọ náà, wọ́n fi kan imú, wọ́n fi kan orí, wọ́n wúre fún màmá mi títí àwọn ọmọ ilé fi pé jọ tí wọ́n ń ṣe àmín. Wọ́n ro ọkà fún mi lórí iná igi, ọbẹ̀ rẹ̀ ní ẹran ìgbẹ́. N kò lè sọ fún wọn pé mo ti jẹ àkàrà.

Lọ́sàn-án mo gun Òkè Àrẹ lọ wo ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936 ní ìrántí Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe ajẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn. Láyípo làwọn ará ìlú ń pè é, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí ènìyàn po ni, ó sì tóóró. Àárín àtẹ̀gùn ni okùn bàtà mi ti já. Ṣùgbọ́n mo dé òkè. Tó o bá dúró níbẹ̀, o lè ka ọjọ́ orí àdúgbò lára òrùlé. Ní ìtòsí Màpó àti Bẹẹrẹ, páànù tó ti dípẹtà ni gbogbo rẹ̀, ó pupa bí ilẹ̀, orí ilé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí èkejì, ewé kò sí. Lọ́nà ibi tí Dùgbẹ̀ wà, ilé gíga bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí. Lẹ́yìn ìyẹn lọ́hùn-ún, lápá Agodi àti Bódìjà, igi ló bo ilẹ̀, òrùlé ń dán láàárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlú kan náà ni o. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́, bàtà lọ́wọ́. Nísàlẹ̀, ọmọ Hausa kan tó ń tún bàtà ṣe gbà mí ní ₦500, ó sì rán èkejì tí kò já mọ́ ọn.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́rú: Òjé, Dùgbẹ̀, àti òjò

Ìyá Rísí ló sọ fún mi pé ọjọ́ ọjà aṣọ ní Òjé bọ́ sí òní. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún síra wọn ni wọ́n ń ná an, nítorí náà ẹ bèèrè ọjọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ sì tètè jí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo fi dé ibẹ̀, àwọn ahunṣọ àti aláròóbọ̀ ti ń ná ọjà pẹ̀lú iná fóònù. Aṣọ òkè tí wọ́n ká bí ẹní wà léjìká ọkùnrin, lórí obìnrin, lórí ilẹ̀. Ẹni tó ń rà á kò wo àwọ̀ nìkan, ó ń fi èékánná họ ọ́ kó lè mọ̀ bóyá òwú rẹ̀ ki. Mo fọwọ́ kan sányán kan tó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. N kò ní owó rẹ̀. Ọkùnrin tó ni ín, láti Ìsẹ́yìn, fi àpẹẹrẹ hàn mí bí wọ́n ṣe ń mọ ojúlówó, ó mọ̀ pé n kò ní í rà á, kò sì kánjú.

Mo bọ́ sí Dùgbẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni owó: báńkì, ilé iṣẹ́, àwọn tó ń ta báàgì lẹ́bàá títì, àwọn tó wọ táì. Ilé Kòkó dúró láàárín wọn, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nǹkan bí mítà 105. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n fi kọ́ ọ, iná jó o lọ́dún 1985, wọ́n sì tún un ṣe. Bàbá bàbá mi gbin kòkó. Mo gbójú sókè wò ó títí gèlè mi fi fẹ́ ṣí, mo sì rò ó pé àpò kan tàbí méjì nínú kòkó bàbá àgbà lè wà nínú ògiri yẹn.

Gbági àtijọ́ kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ aláṣọ ti kó lọ sí Gbági Tuntun lọ́nà Ifẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí màmá mi júwe, ilẹ̀kùn onígi rẹ̀ ṣì wà. Ẹni tó ń ta fóònù ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Mo ní kó jẹ́ kí n ya fọ́tò, ó gbé àga jáde fún mi.

Òjò dé ní aago méjì. Kò ṣú tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà sílẹ̀ gìdìgìdì. Mo sá wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta ike lẹ́bàá Ògùnpa. Gbogbo ènìyàn ibẹ̀ dákẹ́, ojú wọn wà lára odò náà. Mo bi ìyá yìí pé kí ló dé. "Ọdún 1980, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ. Mo ti ń tajà níbí nígbà náà." Ìkún omi ọjọ́ náà, Omíyalé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi ọwọ́ wọn ibi tí omi dé lára ògiri, ó ga ju orí mi lọ. Wọ́n ti mọ odi sìmẹ́ǹtì fún odò náà láti ìgbà yẹn, síbẹ̀, bí òjò bá ti pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ìyá á kó ìwé gbèsè wọn sórí pẹpẹ tó ga jù.

Nínú ìkánjú òjò yẹn ni mo wọ Micra padà sí Mọ́kọ́lá. Ìgbà tí mo dé yàrá ni mo tó rí i pé ìdì mẹ́ta tó yẹ kó kù ti di méjì. Èyí tó jẹ́ ti Sábó ni mo gbàgbé sínú ọkọ̀. N kò mọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà, n kò mọ ojú dírẹ́bà. Mo padà lọ sí gáréèjì nínú òjò, alága ibẹ̀ gba nọ́ńbà fóònù mi, ó pe àwọn dírẹ́bà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rí i. N kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́bọ̀: Sábó

Mo pinnu pé màá lọ tọrọ àforíjì. Àdírẹ́sì náà ṣì wà lórí mi: "Hàjíyà onífúrá, Sábó."

Láti Mọ́kọ́lá, ẹsẹ̀ ló gbé mi dé ibẹ̀. Láàárín ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀, èdè yí padà, Hausa gba títì. Òórùn súyà, awọ ẹran àti tùràrí. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè jókòó sórí àga ike lábẹ́ agbòòrùn. Láti ọdún 1916 ni àdúgbò yìí ti wà fún àwọn Hausa, òwò obì tó ń lọ sókè Ọya àti màlúù tó ń bọ̀ wá sísàlẹ̀ ló sọ ọ́ di ńlá. Àwọn baálé tó ń gba àlejò sílé ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ láàárín olùtà àti olùrà, títí di òní. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ta ni mí. "Kí lẹ fẹ́ rà?" ni gbogbo wọn ń wí. Mo ní fúrá. Wọ́n ní èwo, ti Hàjíyà ni àbí ti àwọn yòókù?

Hàjíyà jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, igbá nùnù, wàrà tí wọ́n ń pò mọ́ fúrá, wà níwájú wọn. Ìdì aṣọ mi wà lórí itan wọn.

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Dírẹ́bà Micra àná ni, ó rí ìdì náà nígbà tó fẹ́ ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ka ohun tí màmá mi kọ, ó sì wà á wá sí Sábó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nínú òjò. Kò gba kọ́bọ̀. Hàjíyà ní àwọn bu fúrá fún un, ó mu ún lórí ìdúró, ó lọ. Wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ ju pé àmì ojú rẹ̀ jẹ́ ti ará Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Mo wá a ní gáréèjì lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì, n kò rí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ wọ Micra rẹ̀ láàárín Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá, ẹ bá mi kí i.

Yorùbá Hàjíyà dùn ju tèmi lọ. Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì jọ dá èsúsú pẹ̀lú màmá mi fún ọdún mẹ́fà. Fúrá wọn, ₦700 ife kan, ata ilẹ̀ wà nínú rẹ̀ dáadáa. Wọn kò gba owó mi.

Ọjọ́ karùn-ún, Ẹtì: Òkè Bọ́là àti Òkè Àdó

"Ìyá Tọ́lá, ilé Bàbá Oníbúrẹ́dì, Òkè Àdó."

Mo ti kọjá Èkótẹ̀dó kí n tó dé ibẹ̀, orúkọ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó. Òkè Bọ́là àti Òkè Àdó náà, àwọn tó wá láti ìta ló kọ́ wọn: Ìjẹ̀bú ló pọ̀ jù, àwọn tó bá ojú irin àti òwò kòkó wá. O máa rí i lára ilé. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì méjì kọjú sí títì gbọnrangandan, wọ́n kọ orúkọ onílé àti ọdún tó kọ́ ọ síwájú orí ilé, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ayálégbé lókè. Nínú Ìbàdàn àtijọ́, ilé ló ni ènìyàn. Níhìn-ín, ènìyàn ló ra ilẹ̀, ó sì fẹ́ kí o mọ̀. Òkè Bọ́là ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé, ìwé ìròyìn Tribune tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1949 ṣì wà ní Ìmálẹ̀fàlàáfíà títí di òní. Pápá ìṣeré tí wọ́n ṣí lọ́dún 1960, tí orúkọ Awólọ́wọ̀ wà lára rẹ̀ báyìí, wà nítòsí.

Ìbéèrè ibẹ̀ yàtọ̀. "Ta ni lándílọ́ọ̀dù yín?" Mo ní Bàbá Oníbúrẹ́dì. Àgbà mẹ́ta jọ jiyàn lórí rẹ̀, ọ̀kan ní ó ti kú lọ́dún 1994, ọ̀kan ní àwọn ọmọ ti ta ilé, ẹ̀kẹta dìde, ó dé fìlà, ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà. Ilé náà ṣì dúró. Ààrò búrẹ́dì tó wà lẹ́yìnkùlé ti di ibi tí wọ́n ń fọ mọ́tò.

Mo kan ilẹ̀kùn lókè. Obìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi àgbà ṣí i. Ó wo ìdì tó wà lọ́wọ́ mi, ó ka orúkọ ara rẹ̀ lára rẹ̀, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Màmá rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Wọ́n wá nọ́ńbà màmá mi títí, èyí tí wọ́n ní kò lọ mọ́. Tọ́lá mú mi wọlé, ó fi fọ́tò hàn mí: màmá tiwa àti tiwọn níwájú ṣọ́ọ̀bù Gbági, gèlè kan náà, ilẹ̀kùn onígi yẹn lẹ́yìn wọn. Mo ti ya ilẹ̀kùn kan náà ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn. A jọ wo fọ́tò méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Ó gba aṣọ náà. Ó ní òun máa rán an, òun máa wá.

Màmá mi pè mí lálẹ́, wọ́n bi mí pé ṣé mo ti dé Òkè Àdó. Mo ní mo ti dé ibẹ̀, pé aṣọ ti dé ọwọ́. N kò lè sọ ìyókù lórí fóònù.

Kí n tó padà sí Mọ́kọ́lá, mo bá Tọ́lá dé Chálẹ́ńjì. Ère Ẹfúnṣetán Aníwúrà dúró ní oríta níbẹ̀, Ìyálóde tó kú lọ́dún 1874. Ọkọ̀ ń yí i ká láti gbogbo ọ̀nà. Tọ́lá ní màmá òun kì í kọjá níbẹ̀ láì kí ère náà.

Ọjọ́ kẹfà, Àbámẹ́ta: Bódìjà, lẹ́yìn náà ilé

Mo fi Bódìjà ṣe ìkẹyìn nítorí ọ̀nà Mọ́níyà ni. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà bẹ́ ẹ bá máa wọ ọkọ̀ ojú irin padà.

Àdírẹ́sì yìí ló ní orúkọ títì àti nọ́ńbà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló la Bódìjà ní ìparí àwọn ọdún 1950, ilé ìgbé fún òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ yunifásítì, òdòdó níwájú, ilé ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn. Títì rẹ̀ dákẹ́, igi máńgòrò ń ṣíji bò ó. Ó rọrùn láti rí ilé náà, ó sì nira láti wọlé. Gáàdì àkọ́kọ́ bi mí ní nọ́ńbà, èkejì bi mí bóyá wọ́n ń retí mi, ẹ̀kẹta ní kí n pe wọ́n lórí fóònù kó tó ṣí géètì. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi dúró lẹ́nu géètì. Kò sí ẹni tó fún mi lómi. N kò fi bú wọn. Kò sí ojúde tí wọ́n lè ní kí n jókòó sí.

Àǹtí Mẹ́tírọ̀n, bí màmá mi ṣe ń pè wọ́n, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn. Wọ́n bínú sí gáàdì nítorí mi, wọ́n sè ìrẹsì. Bí mo ṣe ń jẹun, mo rí i pé àjà pálọ̀ wọn jẹ́ tuntun, ògiri rẹ̀ ṣì ń run ọ̀dà. Wọ́n rí ojú mi. Alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kínní 2024 ni, nígbà tí ohun abúgbàù tí àwọn kan kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà dún. Wọ́n ń mu tíì lọ́wọ́ ni. Fèrèsé wọlé bá wọn. Ilé tó jìnnà réré gbọ̀n, ènìyàn kú, àwọn kan kò padà sí ilé wọn títí di ìsinsìnyí. Ṣáájú ọjọ́ náà, wọn kò mọ orúkọ ará ilé tó wà lẹ́yìn ògiri wọn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú títì ni gbogbo wọn sùn sí, lórí ẹní kan náà. Láti ìgbà náà, wọ́n ní àwọn ti ń ṣe ìpàdé títì, àwọn sì mọ ọmọ ara wọn.

Mo ya ọjà Bódìjà, mo ra èlùbọ́ kóńgò mẹ́ta fún màmá mi. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, èyí tó bá korò ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ti pẹ́ nílẹ̀. Micra sí Ọ̀jọ́ọ̀, Micra sí Mọ́níyà. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ bó bá jẹ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ òde ìnáwó pọ̀ lójú ọ̀nà.

Mo délé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ màmá mi, mo sọ ti Òkè Àdó fún wọn kí n tó sọ òmíràn. Wọn kò sunkún. Wọ́n dákẹ́ títí oúnjẹ fi tutù, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n bá wọn mú ìwé kékeré yẹn wá.

"Ta ló gba aṣọ náà?"

"Tọ́lá ni, mà."

Wọ́n ṣí ojú ewé náà, wọ́n fa ìlà sórí "Ìyá", wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà: Tọ́lá, ilé Bàbá Oníbúrẹ́dì, Òkè Àdó.